Àlejò Kì í Tẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Ọdún méjìlélógún gbáko ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì fi tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àwọn tó lówó jù ú lọ, kò sì sun orí ọ̀kankan nínú wọn rí. Kí ẹnikẹ́ni má bá a sunkún o. Iṣẹ́ ni, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó wà, yàrá mẹ́rìnlá ló ń tọ́jú lójúmọ́, ìṣẹ́jú márùndínlọ́gbọ̀n lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká sábẹ́ fóòmù kì í tú fúnra rẹ̀. Àfi kí ẹni tó sùn síbẹ̀ fi ẹsẹ̀ tú u. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ìyá Bẹ́ẹ̀dì. Yẹ̀yẹ́ ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, àmọ́ ó gba orúkọ náà bí ẹni gba oyè, ó sì ń jẹ́ ẹ títí tí àwọn ará àdúgbò pàápàá fi gbàgbé èyí tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ohun tó gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́ dé ìlú tí kò ti mọ ẹnì kankan ni pé ọmọ rẹ̀ obìnrin bímọ nígbà tí oṣù kò tíì pé. Oyún oṣù méje àti ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọsibítù ìlú tiwọn kò ní irinṣẹ́ fún irú ẹ̀, ni wọ́n bá sáré gbé e lọ sí ọsibítù ńlá kan tó jẹ́ ìrìn wákàtí mẹ́ta, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọmọ náà, obìnrin, kò ju bàtà ọkùnrin kan lọ nígbà tí wọ́n gbé e sínú àpótí dígí tó ń mú un móoru. Ó ń mí. Ó tún ń fi ẹsẹ̀ janlẹ̀, nọ́ọ̀sì ní ìyẹn dára.

Ní ọjọ́ kẹfà, dókítà ní ara ìyá ọmọ ti ń yá, kó máa lọ, ẹlòmíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ní wọ́ọ̀dù. Ọmọ kò níí lọ. Ọmọ gbọ́dọ̀ tó kílò méjì kó tó jáde nínú dígí, kò sì tíì ju kílò kan ààbọ̀ lọ. Nọ́ọ̀sì àgbà pe Ìyá Bẹ́ẹ̀dì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó ṣàlàyé fún un pé omi ọyàn ni oògùn tó dáa jù fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án alẹ́, kí ìyá ọmọ máa wá fún un sínú ike kékeré, kó sì gbé ọmọ lé àyà. Ó ní òun ti rí i lójú òun: ìyá tó bá ń ti ọ̀nà jíjìn wá, yóò pa ìgbà kan jẹ, yóò pa èkejì jẹ, omi ọyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ọmọ á sì dúró lójú kan lórí ìwọ̀n.

"Ẹ wá ibi tó súnmọ́, Màmá," nọ́ọ̀sì wí. "Ibi tó mọ́, tí wọ́n á lè gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Ó súnmọ́, ó mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì ò fi ẹ̀kẹrin kún un, torí kì í ṣe òun ló máa sanwó. Ọkọ ọmọ rẹ̀, tó ń lẹ táìlì sílẹ̀ ilé onílé, ti padà sẹ́nu iṣẹ́, nítorí iṣẹ́ ọ̀hún ni wọ́n ń rí ná. Ó fi ilé àlejò mẹ́rin ránṣẹ́ sórí fóònù Ìyá Bẹ́ẹ̀dì, tàwòrán tàwòrán. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wo àwọn àwòrán náà, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ti wà níbẹ̀ rí nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán yàrá ní òtẹ́ẹ̀lì tiwọn. Wọ́n á ti àga síta, wọ́n á tan gbogbo iná, ayàwòrán á wá lẹ̀ mọ́ igun ògiri bí ọmọńlé, kí yàrá tí ewúrẹ́ méjì ò lè yí padà nínú ẹ̀ lè dà bíi gbọ̀ngàn. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àmọ́ ti yàrá kọ́. Yàrá, inú rẹ̀ la ti ń wò ó.

Ó fi ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ sórí àga kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí dígí, ó gbéra.

Èyí àkọ́kọ́ ní ilẹ̀kùn dígí àti òdòdó oníke. Bó ṣe ṣílẹ̀kùn yàrá ni òórùn lọ́fínńdà gbá a nímú, ó sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé nǹkan kan wà tí wọ́n ń bò mọ́lẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan ògiri lẹ́yìn kọ́tìnì: ó tutù rinrin. Owó rẹ̀ sì rèé, òru kan níbẹ̀ á jẹ owó oúnjẹ ọ̀sẹ̀ kan. Ó dúpẹ́, ó jáde.

Owó èkejì dára. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gbé igun fóòmù sókè, ó tọ ojú rírán rẹ̀ lọ, ó rí àmì dúdú wínníwínní tó tò lọ bí ẹni kán yíǹkì síbẹ̀. Ìdun. Kò sọ nǹkan kan fún obìnrin tó mú un wọlé, torí ẹni tó ni ìdun mọ̀ pé òun ní in. Ó kàn jáde sójú títì, ó gbọn aṣọ rẹ̀ dáadáa, iwájú àti ẹ̀yìn.

Ẹ̀kẹta ló fẹ́ mú. Ó mọ́, omi ń yọ, ìrọ̀rí ń ta sánsán bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sá sóòrùn. Àmọ́ àjà kẹrin ló wà, kò sì sí ohun tó ń gbéni gòkè ju ẹsẹ̀ ẹni lọ. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gun àtẹ̀gùn náà, ó kà á, ó ronú kan ọmọ rẹ̀ tí ojú ọgbẹ́ abẹ rẹ̀ ò tíì jinná, tí yóò máa gùn ún tí yóò máa sọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Ó rọra sọ̀ kalẹ̀. Ó ti rẹ̀ ẹ́, inú sì ti ń bí i sí ẹni tí kò mọ̀.

Ẹ̀kẹrin kò dùn ún wò lójú fóònù rárá, bóyá ìdí nìyẹn tí wọ́n fi tò ó sí ìsàlẹ̀. Ilé gbọọrọ kan ni, tó tẹ́ sílẹ̀, yàrá mẹ́jọ lórí ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo bí ọkọ̀ ojú irin tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti já a sílẹ̀. Ọ̀kánkán géètì ọsibítù ló wà gan-an, títì kan ló là wọ́n láàárín. Bàbá tó ni ín ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́ rélùwéè kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo ayé sì ń pè é ní Bàbá Rélùwéè. Ó gbé aago ńlá kan kọ́ ara ògiri, ó gbé síléètì kan sábẹ́ rẹ̀. Ara síléètì yẹn ló ń kọ nọ́ńbà yàrá sí, níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan ó máa ń kọ "Dé" tàbí "Lọ" pẹ̀lú àkókò rẹ̀. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ló máa ń yẹ àwọn yàrá wò. Ẹni tó bá ń lọ, kó gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó. Òfin ilé náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì yẹ yàrá karùn-ún wò. Ó gbé fóòmù, ó gbóòórùn ìrọ̀rí, ó ṣí omi sílẹ̀ kó rí i bóyá á mọ́, ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn níbi tí àwọn ọ̀lẹ kì í gbá. Kò rí nǹkan kan bá jà. Owó rẹ̀, bí wọ́n bá ṣọ́ ọ ná, á gbé wọn dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bàbá Rélùwéè bi í pé alẹ́ mélòó ni wọ́n fẹ́ lò. Ó ní kí ó gba ti alẹ́ kan ná, torí òru la fi ń mọ yàrá, ìdun mìíràn kì í jáde fún àyẹ̀wò. Bàbá náà tún bi í léèrè, bí èèyàn ṣe ń bi àlejò, pé kí ni wọ́n ń ṣe níṣẹ́. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì dáhùn pé iṣẹ́ ọ́fíìsì ni.

Irọ́ kékeré ni. Kí ẹ má fojú burúkú wò ó. Ó kàn fẹ́ kí ẹnì kan pe òun ní àlejò lẹ́ẹ̀kan láyé òun kí ó má sì wo ọwọ́ òun.

Wọ́n sùn dáadáa. Ìdun ò jáde. Ní aago márùn-ún àárọ̀, nígbà tí ọmọ rẹ̀ lọ wẹ̀, Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ká aṣọ ìbora, ó sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti ta sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì, bí ó ti máa ń rí fún obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ojú tì í bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ṣe é. Òun tó ti fi ọdún méjìlélógún bá àbàwọ́n oríṣiríṣi àlejò pàdé, ó mọ ohun tí ẹni tó ń tú bẹ́ẹ̀dì máa ń sọ lábẹ́lẹ̀ nípa ẹni tó sùn síbẹ̀. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó fi omi tútù fọ ojú ibẹ̀, ó ká gbogbo rẹ̀ sínú àpò ìrọ̀rí kan, ó so ó, ó gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ó gbé fóòmù dúró kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí i. Ó ṣí fèrèsé. Ó gbálẹ̀, ó nu ojú tábìlì.

Ọmọ rẹ̀ wọlé bá a, ó ní, "Màmá, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ẹ ti sanwó."

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ní òun ti ṣe tán. Báàgì kan ṣoṣo ni wọ́n gbé wá láti ilé, òun náà ni ike àti aṣọ ọmọ wà nínú ẹ̀, wọ́n gbé e dání. Bàbá Rélùwéè wà lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń se omi gbígbóná. Ní òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kí òṣìṣẹ́ gbé kọ́kọ́rọ́ yàrá jáde, ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì bá gbé kọ́kọ́rọ́ kọ́ sórí ìṣó bó ṣe ń kọjá, wọ́n sì mú ọ̀nà géètì pọ̀n.

Ọjọ́ yẹn dára títí di ọ̀sán. Ọmọ náà mu tiẹ̀ ní aago mẹ́fà, ó mu ú ní mẹ́sàn-án, ó mu ú ní méjìlá, ó sì sùn sí àyà ìyá rẹ̀ pẹ̀lú ìka kan tó na jáde bí ẹni fẹ́ béèrè ọ̀rọ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ ti gòkè díẹ̀. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ní kí wọ́n lọ nà sílẹ̀ fún wákàtí kan àti ààbọ̀ kí aago mẹ́ta tó tún dé, òun á sì san owó ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú fún Bàbá Rélùwéè.

Bàtà ọkùnrin kan wà lẹ́nu ọ̀nà yàrá karùn-ún.

Ó kanlẹ̀kùn. Ẹni tó ṣí i jẹ́ awakọ̀ kan tó síngbọnlẹ̀, ó wọ síńgílẹ́ẹ̀tì, ó mú ìwé òfin ojú títì lọ́wọ́. Ó kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní kí Màmá má bínú, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún òun ní kọ́kọ́rọ́ ni, òun wá ṣe ìdánwò iṣẹ́ ní ọ̀la. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ bá Bàbá Rélùwéè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́. Ó bi í bóyá bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní ilé tirẹ̀ nìyẹn, kí àlejò jáde kí wọ́n ti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ó ní òun ò tíì rí irú ẹ̀ rí, pé òun mọ òtẹ́ẹ̀lì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bàbá Rélùwéè dúró kó sọ ọ́ tán, bí ẹni dúró kí ọkọ̀ ojú irin kọjá.

"Ìyá," ó ní, "aago mẹ́wàá ni mo dé yàrá yín. Mo bá fèrèsé ní ṣíṣí. Mo bá fóòmù lórí ìdúró. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì wà nínú àpò ìrọ̀rí, ẹ ti so ó, ẹ gbé e sẹ́nu ọ̀nà. Ẹrù yín ò sí ńlẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà lórí ìṣó. Owó alẹ́ kan lẹ san. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń ṣe gbogbo ìyẹn tí kì í ṣe pé ó ń lọ?"

Bí ọmọdé bá ṣubú, á wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, á wo ẹ̀yìn. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wo ẹ̀yìn, ara rẹ̀ nìkan ló rí níbẹ̀. Bí òun gan-an bá wọ irú yàrá bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, á kọ ọ́ sínú ìwé pé ó ti ṣófo kó tó mí lẹ́ẹ̀kejì.

Ó bẹ bàbá náà pé kó fi wọ́n sí yàrá mìíràn. Bàbá náà nawọ́ sí síléètì: gbogbo rẹ̀ ló ti kún, ìdánwò àwọn awakọ̀ ló kó èèyàn wọ̀lú. Ó gbé fóònù, ó pe ilé àlejò mẹ́ta tó mọ̀, títí kan èyí tó wà ní àjà kẹrin àti onídun pàápàá. Wọ́n ti kún. Onílọ́fínńdà nìkan ló kù, bí wọ́n bá sì lọ síbẹ̀, owó ọwọ́ wọn ò lè gbé wọn ju ọjọ́ mẹ́rin lọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ilé ló kàn, wákàtí mẹ́ta lọ, wákàtí mẹ́ta bọ̀.

Ọmọ rẹ̀ ti jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Kò bá ìyá rẹ̀ wí. Ì bá tiẹ̀ sàn kó bá a wí. Ó fi ọwọ́ kan di ẹ̀gbẹ́ ikùn rẹ̀ mú níbi tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ, omi ọyàn ti rin àyà aṣọ rẹ̀ láìdúró de aago, ó sì ń wo aago ara ògiri.

"Màmá," ó wí jẹ́jẹ́, "aago mẹ́ta ń bọ̀ o."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Bẹ́ẹ̀dì lára ju èébú lọ. Ó yíjú sí Bàbá Rélùwéè, kò sì gbé ohùn sókè mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo purọ́ fún yín lánàá. Mi ò ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì kankan. Bẹ́ẹ̀dì ni mo ń tẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì. Ọwọ́ mi ló ṣe é, orí mi ò sí níbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ló ta sí aṣọ bẹ́ẹ̀dì yín, mi ò fẹ́ kí ẹlòmíì bá a bẹ́ẹ̀. Ọmọọmọ mi wà nínú dígí lọ́hùn-ún yẹn. Bí ìyá ẹ̀ bá jìnnà sí i, mi ò mọ bó ṣe máa rí."

Bàbá Rélùwéè wo ọmọbìnrin tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó wo aṣọ rẹ̀ tó tutù, ó sì yára gbé ojú kúrò. Ó sọ fún Ìyá Bẹ́ẹ̀dì pé òun náà ò sàn jù ú lọ, pé ọdún kẹsàn-án rèé tí òun ti kúrò nínú rélùwéè, àmọ́ bí òun bá gbọ́ tí fèrè kan dún níbikíbi, àfi kí òun wo aago. Ó ní ìyàwó òun tó ti dolóògbé máa ń fi òun rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló mú kọ́kọ́rọ́ kan jáde nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, èyí tí kò sí lára àwọn tó wà lórí ìṣó.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó ní. "Ẹ wá wo nǹkan kan. Kì í ṣe yàrá o. Mo ń tètè sọ ọ́."

Ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló wà, ibi tí ìyàwó rẹ̀ ti máa ń lọ aṣọ nígbà ayé rẹ̀. Látìgbà náà, ohun gbogbo tó bá kán ló ń rọ́ síbẹ̀. Àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, páálí, fìtílà rélùwéè tí gíláàsì rẹ̀ ti fọ́, fóòmù mẹ́ta tó dùbúlẹ̀ lé ara wọn, eruku tó ṣeé kọ orúkọ sí. Ìyá ọmọ yọjú wò ó, ó fọwọ́ bo imú. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ò rí eruku. Ẹ̀rọ omi ló rí nínú igun, ó ṣí i, omi yọ. Ó rí i pé ẹ̀yìn ògiri yẹn ni bàbá náà ti ń se omi, ara ògiri sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó gbé páálí kan kúrò lójú fèrèsé, ó rí géètì ọsibítù níwájú gan-an, tóbẹ́ẹ̀ tó ń rí ojú ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Àyà rẹ̀ balẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti aago kan.

Ó bi bàbá náà pé aago mélòó ló lù. Ó ní aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú.

"Ẹ fún mi ní ìgbálẹ̀, korobá àti ọṣẹ," Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wí. "Kẹ́ ẹ sì kúrò lọ́nà."

Ibí yìí ni n ó ti sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tí kò bá tíì rí obìnrin yẹn lẹ́nu iṣẹ́, kò tíì rí nǹkan. Ó ká ọwọ́ aṣọ, ó so orí le, ó ti òkè bẹ̀rẹ̀ kí eruku má baà padà sórí ohun tó ti nù. Bàbá Rélùwéè ń gbé páálí jáde. Awakọ̀ yàrá karùn-ún, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, gbé ìwé òfin ojú títì sílẹ̀, ó jáde tòun ti síńgílẹ́ẹ̀tì, ó gbé àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kọ́ apá, ó ní kí Màmá sọ ibi tí òun á gbé e sí. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ dìde ràn wọ́n lọ́wọ́, Ìyá Bẹ́ẹ̀dì kàn wò ó, ó jókòó padà. Nígbà tó kù ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógún kí aago mẹ́ta lù, bẹ́ẹ̀dì wà nílẹ̀, igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ ti wọlé ṣinṣin, ilẹ̀ ń dán. Ọmọ rẹ̀ na ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó dìde, ó gba ojú títì kọjá. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì dúró lójú fèrèsé, ó ń wò ó títí tó fi wọ géètì. Kò ju ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún lọ. Ni omijé bá bọ́ lójú rẹ̀, torí ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ lójijì, kò sì mọ ohun tí èèyàn ń fi irú ìfúyẹ́ bẹ́ẹ̀ ṣe.

Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Bàbá Rélùwéè ò gbà ju ìdajì owó yàrá lọ, ó ní kì í ṣe yàrá, òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ní kó jẹ́ kí òun máa bá a tẹ́ àwọn bẹ́ẹ̀dì ilé tó kù láti fi dúpẹ́. Bàbá náà mi orí.

"Owó lẹ san," ó ní. "Láti ọ̀la, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan bẹ́ẹ̀dì kankan nínú ilé yìí, àti tiyín náà. Èmi ni màá máa wá tẹ́ ẹ ní aago mẹ́wàá. Àlejò kì í tẹ́ bẹ́ẹ̀dì."

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì rò pé ó ń ṣàwàdà ni. Aago mẹ́wàá ọjọ́ kejì lù, bàbá náà sì dé tòun taṣọ lápá. Ó tẹ́ ẹ. Ẹ gbà mí o, ó tẹ́ ẹ. Ó so igun aṣọ bẹ́ẹ̀dì bí ẹni ń di ẹrù tó ń lọ sọ́nà jíjìn, apá kan gùn kanlẹ̀, apá kejì ò dé ẹ̀gbẹ́. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń wo ọ̀ọ́kán. Ọbẹ̀ kì í mì níkùn àgbà, àmọ́ igun yẹn mì ín. Ní ọjọ́ kẹta, kò lè fara dà á mọ́, ó tilẹ̀kùn, ó tú u, ó tún un tẹ́. Bàbá Rélùwéè kọjá lójú fèrèsé, ó rí i. Kò bínú. Ó kàn sọ fún un pé bí òun bá tún rí irú igun tó dára bẹ́ẹ̀ ní yàrá yẹn, òun á kọ ọ́ sára síléètì pé wọ́n ti lọ. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín tó fi di ikùn mú, ó ní kí wọ́n má pa òun, ojú abẹ ń dun òun. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ rẹ̀ látìgbà tó ti bímọ nìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Bẹ́ẹ̀dì kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àlejò. Kò rọrùn. Ní àwọn òru àkọ́kọ́, ńṣe ló ń dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì tí ẹlòmíràn tẹ́ bí ẹni yá aṣọ wọ̀. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń sùn kọjá aago márùn-ún, ọmọ rẹ̀ ló ń dá jáde lọ fún ti aago mẹ́fà, tó ń dá padà. Ẹ̀yìn rẹ̀ tó ti ń dùn ún láti ọdún mélòó kan dákẹ́. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ ní ọjọ́ kan, ó rí i pé èékánná rẹ̀ ti gùn, ó sì yà á lẹ́nu.

Bàbá Rélùwéè ti kọ nọ́ńbà kẹsàn-án, ti yàrá tí kì í ṣe yàrá, sí ìsàlẹ̀ síléètì. Ó kọ "Dé" síwájú rẹ̀ fún ìyá àti ọmọ. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ "Èrò kékeré: kò tíì dé." Lálaalẹ́, tí wọ́n bá ti ń bọ̀ láti ọsibítù, á béèrè ìwọ̀n, á pa ti àná rẹ́, á kọ tuntun. Àwọn awakọ̀ lọ, àwọn mìíràn dé, gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń béèrè pé ta ni Èrò Kékeré. Nígbà tí ìwọ̀n dúró lójú kan fún ọjọ́ méjì, bàbá náà ò kọ nǹkan kan, ó kàn mú ẹfun lọ́wọ́, ó ń rìn kiri ilé. Ní ọjọ́ kẹta ìwọ̀n gòkè padà, gbogbo wọn sì sùn.

Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, nọ́ọ̀sì àgbà gbé ọmọ sórí ìwọ̀n, ó gbé e kúrò, ó tún gbé e padà síbẹ̀. Kílò méjì ó lé díẹ̀. Ó ní kí wọ́n lọ máa múra. Ọkọ ọmọ rẹ̀ ti wà lọ́nà pẹ̀lú ọkọ̀ tó yá lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n sì gbé ọmọ náà gba ojú títì kọjá, ẹsẹ̀ ọgọ́rùn-ún yẹn, Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ló ń ṣíwájú tó ń dá ọkọ̀ dúró bí ọlọ́pàá.

Bàbá Rélùwéè ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ dè wọ́n. Ó hàn pé ó gbìyànjú gidi lọ́jọ́ yẹn. Igun mẹ́ta nínú mẹ́rin ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dára. Ìyá ọmọ tẹ́ ọmọ náà sí àárín, bàbá náà sì dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé títí wọ́n fi pè é. Èrò Kékeré la ojú kan, ó pa á dé, ó na ẹsẹ̀. Ó tún na ẹsẹ̀. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì fà díẹ̀, igun kẹrin tí kò dára tẹ́lẹ̀ sì tú jáde lábẹ́ fóòmù.

Ọwọ́ Ìyá Bẹ́ẹ̀dì ti na kó tó mọ̀. Ó kù díẹ̀ kó dé ibẹ̀. Ó fà á padà, ó jókòó lé ọwọ́ náà.

Nígbà tí ọkọ̀ fun fèrè níta, Bàbá Rélùwéè wo aago. Ìyá Bẹ́ẹ̀dì gbé báàgì, ó mú kọ́kọ́rọ́, kò gbé e kọ́ sórí ìṣó. Àtẹ́lẹwọ́ bàbá náà ló fi í sí, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì pa á dé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bàbá náà ní kò tọ́pẹ́, kí wọ́n máa lọ kí ilẹ̀ má ṣú bá èrò òun. Lára síléètì, ó pa "kò tíì dé" rẹ́, ó kọ "Ó dé" síbẹ̀, kò sì tíì kọ pé ó lọ nígbà tí wọ́n jáde.

Ọkọ̀ ti kọjá géètì ọsibítù kí ọmọ rẹ̀ tó rántí.

"Màmá, ẹ ò mà tẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn."

Ìyá Bẹ́ẹ̀dì wo ọmọọmọ rẹ̀ tó ń sùn lórí itan rẹ̀.

"Àlejò ni wá," ó ní.